Kò Sí Ẹsẹ̀ Àgbóògùn Nínú Eré

Lórí Òkè Ìdànrè, níbi tí àwọn ará ìlú náà gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀ dó sí ìsàlẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àgbóògùn. Àlàyé tí àwọn àgbà máa ń ṣe fún àlejò ni pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá ojú ẹsẹ̀ náà mu. Ọmọdé a tẹ̀ ẹ́, a sì bá a mu. Géńdé a tẹ̀ ẹ́, a sì bá a mu. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé, èyí tí yóò gba ti àná tí yóò sì gba ti òní. Bí ó bá wọ́pọ̀ ni, iyàn tó wáyé láàárín bàbá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Òdòdè-Ìdànrè lórí ọ̀rọ̀ sínúkà kì bá tí le tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sínúkà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe sínúkà gan-an. Sínúkà tòótọ́ ní tábìlì ńlá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù pupa 15 àti àwọn aláwọ̀ mìíràn. Èyí tó wà lábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́bàá títì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní púùlù: tábìlì tó kéré sí i, ihò mẹ́fà, bọ́ọ̀lù 15, àti bọ́ọ̀lù funfun kan ṣoṣo tí ọ̀pá máa ń gbá lu àwọn yòókù. Ní Ìdànrè, bí ó ti rí ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kì í sinmi láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò san owó tábìlì, àwọn mìíràn a sì tún fi owó lé e lórí.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 1954 ni wọ́n bí i. Ó ní oko kòkó kékeré kan lọ́nà Òwènà, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní Bàbá Tíṣà títí di òní. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 19. Ó ti jáde nílé-ìwé girama láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì ń retí ọdún tí yunifásítì yóò gbà á wọlé. Ní ọ̀sán, àwọn méjèèjì a jọ sá kòkó; bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ọmọ a wẹ̀, a pààrọ̀ aṣọ, a sì gba ìdí tábìlì lọ.

Iyàn náà bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí bàbá béèrè ohun tó wà nínú eré yìí tí ènìyàn fi lè dúró tì í fún wákàtí márùn-ún. Ọmọ kò wí nǹkan kan. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú bàbá. Fídíò ìdíje àgbáyé ọdún 2024 ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Jeddah lórílẹ̀-èdè Saudi Arabia. Fedor Gorst, ọmọ bíbí ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ti ń gbá fún Amẹ́ríkà, ló ń bá Eklent Kaçi ti ilẹ̀ Albania figagbága. 15 sí 14 ni Gorst fi borí, ó sì gba $250,000. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún 19 péré ni nígbà tó kọ́kọ́ di ọ̀gá àgbáyé ní Doha ní ọdún 2019.

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni èmi náà?"

"Ọmọ ọdún 19 ni ọ́," ni bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ayé ti rọrùn fún ẹ̀yin. Inú fóònù lẹ ti ń kọ́ ohun gbogbo. Àwọn tó gbá irú eré yìí láyé àtijọ́, ta ló kọ́ wọn? Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ìwọ̀nyí lọ fíìfíì."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rí dà?"

Ọkùnrin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò kò lè gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí ó dákẹ́. Ó ní kí ọmọ lọ wá ẹni tí ayé gbà pé ó mọ eré náà jù lọ nígbà àtijọ́, kí ó kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ojú ìwé kan nínú ìwé àjákọ, kí ó sì kọ ti àwọn ti òde òní sí ojú ìwé kejì. Lẹ́yìn náà ni àwọn yóò jọ wò ó.

Orúkọ tí ọmọ mú bọ̀ ni Willie Mosconi. Ìlú Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1913. Láàárín ọdún 1941 sí 1957, ìgbà 15 ni ó gba ipò ọ̀gá àgbáyé nínú oríṣi púùlù kan tí àmì rẹ̀ rọrùn láti kà: bọ́ọ̀lù kan, àmì kan, ẹni tó wà nídìí tábìlì yóò sì máa gbá a lọ títí yóò fi tàsé. Ní oṣù kẹta ọdún 1954, ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, Mosconi gbá bọ́ọ̀lù 526 wọ ihò léraléra láìtàsé. Ọdún 65 ni iye yìí fi dúró gẹ́gẹ́ bí òkè tí ayé ń wò. Ní ọdún 2019, John Schmidt gbá 626 ní California. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Jayson Shaw, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbá 714.

"Bàbá, ẹ yọ 526 kúrò nínú 714."

"188," ni bàbá wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n a kì í yọ ìbọ̀ọ̀sẹ̀ kúrò nínú bàtà. Ṣé tábìlì kan náà ni?"

Kì í ṣe tábìlì kan náà. Tábìlì tí Mosconi lò ní Springfield gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ti Schmidt àti ti Shaw jẹ́ mẹ́sàn-án. Inú ọmọ dùn sí èyí, nítorí bí tábìlì bá ṣe gùn tó ni ọ̀nà bọ́ọ̀lù ṣe ń jìn tó. Ó fi àmì kan sí ojú ìwé àwọn ti òní. Bàbá tún béèrè ìgbà mélòó tí wọ́n gbìyànjú. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Schmidt ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Kámẹ́rà ń yà á, bí ó bá sì ti tàsé, a tún bẹ̀rẹ̀. Shaw pẹ̀lú kò ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrìn àjò ni Mosconi wà ní tirẹ̀. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti fi eré han àwọn ènìyàn, lórí tábìlì tí ó bá bá níbẹ̀, lójú àwọn tó wá wòran ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àmì kan bọ́ sí ojú ìwé àwọn ti àtijọ́.

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì gbàgbé iyàn fún ìgbà díẹ̀. Eyín erin ni wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù eré yìí tẹ́lẹ̀ rí, púpọ̀ nínú eyín náà sì jẹ́ ti erin ilẹ̀ Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1860, nígbà tí eyín erin di ọ̀wọ́n, ilé-iṣẹ́ kan ní New York ṣèlérí $10,000 fún ẹni tó bá lè rí ohun mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. John Wesley Hyatt ló gbìyànjú rẹ̀ títí ó fi mú ike kan jáde tí wọ́n ń pè ní sẹ́lúlọ́ọ̀dì, ọ̀kan lára àwọn ike àkọ́kọ́ tí ayé rí. Bọ́ọ̀lù tòde òní jẹ́ ike mìíràn tó le ju ìyẹn lọ. Ìwúwo wọn dọ́gba, wọn kì í sì í tètè ṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ti fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fi ń sáré ju ti àtijọ́. Ọ̀pá tó jẹ́ igi nìkan tẹ́lẹ̀ ti di ti káábọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí oòrùn àti òjò kì í lọ́.

"O rí i," ni bàbá wí, "bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Òtítọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àkísà kì í gba ife-ẹ̀yẹ."

Bàbá kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ sẹ́lúlọ́ọ̀dì yìí kò tètè kúrò lọ́kàn bàbá, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ òǹtayò tẹníìsì orí tábìlì nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nígbà náà, ike Hyatt ni wọ́n fi ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kò tíì sí ẹni tó dà bí Atanda Musa, ẹni tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Seoul ní ọdún 1988, nígbà tí tẹníìsì orí tábìlì kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, bàbá a ní Musa ì bá nà án bí ẹní na aṣọ òfì. Bẹ́ẹ̀ Aruna yìí ni ó borí Timo Boll ti ilẹ̀ Jámánì ní Rio ní ọdún 2016 tó sì dé ipele àwọn mẹ́jọ tó kù. Òun náà ni ó dé ipò kẹwàá lágbàáyé ní ọdún 2022, ibi tí ọmọ Áfíríkà kankan kò tíì dé rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ohun tí ó ti ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Bọ́ọ̀lù wo ni Musa yóò fi na Aruna? Ní ọdún 2000 ni wọ́n sọ bọ́ọ̀lù náà di ńlá, láti mìlímítà 38 sí 40, kí eré lè rọlẹ̀ kí ojú lè tọ̀ ọ́. Ní ọdún 2001, wọ́n dín àmì tí a fi ń parí abala kan kù láti 21 sí 11. Ní ọdún 2014, wọ́n pa sẹ́lúlọ́ọ̀dì tì, wọ́n sì mú ike mìíràn wọlé. Ẹni tó bá pe Musa wá sí tábìlì òní ti pè é wá sí ibi àjèjì. Ẹni tó bá sì gbé Aruna padà sí tábìlì ọdún 1988 ti gba ohun èlò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí bàbá rí tó tẹ ilẹ̀ méjèèjì ni Segun Toriola, tó lọ sí Òlíńpíìkì méje láti ọdún 1992 sí 2016. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré àti àmì 21, ó sì parí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ńlá àti àmì 11. Gbogbo nǹkan tó wà lórí tábìlì yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ọwọ́ náà ṣì ń gbá a.

Ọmọ pẹ̀lú rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú púùlù. Ọdún 1954 kan náà tí Mosconi gbá 526, tí wọ́n sì bí Bàbá Tíṣà, ni wọ́n bí Efren Reyes ní ilẹ̀ Philippines, ẹni tí àwọn òǹwòran ń pè ní Onídán. Ní ọdún 1994, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ìdíje US Open. Ní ọdún 1999, nígbà tó ti lé ní ẹni 40 ọdún, ó gba ipò ọ̀gá àgbáyé ní Cardiff. Bàbá gba ti ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí láìjiyàn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ní ohun tó ń dùn ún tí kò sọ. Owó fọ́ọ̀mù ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí bàbá fún un kò sí mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àlejò kan wá láti Àkúrẹ́. Ó kọ́kọ́ pàdánù lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n fi owó tó nípọn sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó fọ́ọ̀mù ti bá àlejò wọ ọkọ̀.

Nígbà tí bàbá béèrè ìwé ẹ̀rí pé ó ti sanwó, ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Bàbá kò pariwo. Ó jókòó títí, ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu ọmọ ni orúkọ Reyes.

"Bàbá, ẹni tí ẹ gbà pé ó mọ̀ ọ́n, owó lòun náà fi ń gbá a. Ní Hong Kong ní ọdún 1996, $100,000 ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 120 láàárín òun àti Earl Strickland. 120 sí 117 ni Reyes fi gbà á."

Bàbá dìde, ó wọlé lọ sùn. Láàárọ̀, ṣáájú kí wọ́n tó tú kòkó sórí ẹní, ó pe ọmọ.

"Mo ti ka ìwé tí o kọ. O kọ 526, o kọ 714, o kọ 120. O ò kọ ohun tó ṣáájú wọn. Bàbá Mosconi ló ni ilé eré, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ òun gbá a, ó sì ń tì í mọ́ ọn. Kí ni ọmọ náà ṣe? Pọ̀tétò ló ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá lórí tábìlì ní òru. Reyes ńkọ́? Ilé eré àbúrò òbí rẹ̀ ní Manila ló ti dàgbà. Kò ga tó tábìlì, orí àpótí ló ń dúró sí kí ojú rẹ̀ lè tó o. Orí tábìlì náà ló ń sùn sí bí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán. Nígbà tó fi máa di pé ẹnì kan gbé owó síwájú rẹ̀, eré ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ìwọ, láti ọdún méjì, ọjọ́ wo lo gbá a rí tí owó kò sí lórí rẹ̀? Pọ̀tétò tìrẹ dà?"

Ọmọ kò rí nǹkan sọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà le.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bàbá Mosconi ló ni tábìlì. Àwọn ìbátan Reyes ló ni tábìlì. Shane Van Boening tó gba ipò ọ̀gá àgbáyé ní 2022, ìdílé àwọn tó ń gbá púùlù ni wọ́n bí i sí. Ní ibí yìí, gbogbo ìgbà tí mo bá gbá a ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó. Bí mo bá fẹ́ dá gbá a láti fi kọ́ ọwọ́, kò sí ẹni tí mo máa nà tí yóò san án. Ẹni tí kò bá lówó, àfi kí ó jàre."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ láti ọjọ́ tí iyàn bẹ̀rẹ̀, èyí nìkan ni bàbá kò lè fi ìbéèrè mìíràn dáhùn. Ó rántí tábìlì tẹníìsì tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn nígbà náà, lábẹ́ igi, tí ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn láti gbá a. Ó rántí pé gbogbo ìgbà tí òun bá ń yin àwọn ará àtijọ́, òun kì í ka tábìlì náà mọ́ ọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe kò gùn. Bàbá yóò ta díẹ̀ nínú kòkó tó ti gbẹ láti fi san owó fọ́ọ̀mù náà kí ọjọ́ tó kọjá, ọmọ yóò sì fi iṣẹ́ oko san án padà. Kò ní fi owó gbá sínúkà mọ́. Bí ó bá fẹ́ kọ́ ọ ní tòótọ́, bàbá yóò bá ẹni tó ni àtíbàbà sọ̀rọ̀.

Àwọn méjèèjì jọ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìdí tábìlì ṣì dá. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá Tíṣà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Ó gbà. Ọmọ yóò máa gbá àyíká, yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu aṣọ tábìlì, a ó sì fún un ní wákàtí kan lóòjọ́ kí àwọn oníbàárà tó dé.

Kí wọ́n tó lọ, ọ̀gá àtíbàbà fi ọ̀pá lé bàbá lọ́wọ́ láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Bàbá fi ẹfun kun orí rẹ̀ bó ti rí i nínú fídíò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wọn ọ̀nà, ó sì gbá a. Bọ́ọ̀lù náà ń lọ tààrà sí ihò. Nígbà tó kù díẹ̀, ó rọra yà sí ọ̀tún, ó sì dúró ti etí tábìlì.

"Tábìlì yìí tẹ̀," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ̀rí dà?"

Bàbá mú bọ́ọ̀lù kan, ó gbé e sí àárín tábìlì, ó sì ká ọwọ́ kúrò. Wọ́n jọ dúró wò ó. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sí afẹ́fẹ́ tó fẹ́. Díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí yí lọ sí apá ọ̀tún. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ àtíbàbà, ó sì tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ó tún gbé bọ́ọ̀lù náà padà sí àárín.